Ìwé mẹ́fà láti ọyẹ́ dé òjò: èwo ni kí o rà, èwo ni kí o yá?

Ní ṣọ́ọ̀bù fọ̀tọkópì mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ìwé tí mo bá ń kà lọ́wọ́ máa ń dojú délẹ̀ sórí ẹ̀rọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀bẹ tí mo fi ń gé bébà. Ẹni tó wá ṣe ẹ̀dà ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ á gbé e, á yí i síwá yí i sẹ́yìn, á ní, "Fòfó (ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbí), ṣé ó dùn?" Bí mo bá ti ní ó dùn, ìbéèrè kejì ti dé nìyẹn: "Ṣé kí n ra tèmi?" Ìkejì yìí ló máa ń mú mi dákẹ́. Ìwé tó dùn mọ́ mi lè sú ẹni tó ka Faransé dé lísè, ilé ìwé girama, tí kò sì fojú kan àmì ohùn rí. Ó sì lè gbówó lé owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan.

Láti ìgbà ọyẹ́ títí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀, mẹ́fà ni mo kà tán. Mẹ́ta jẹ́ ti Yorùbá, Nàìjíríà ni wọ́n ti wọlé: Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà, Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, àti Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Méjì jẹ́ ti Faransé, ọmọ ilẹ̀ wa níbí ló kọ wọ́n: Doguicimi ti Paul Hazoumé, àti Si la cour du mouton est sale, ce n'est pas au porc de le dire ti Florent Couao-Zotti. Ẹ̀kẹfà jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, The Story of Ketu ti Geoffrey Parrinder. Ọdẹ nínú igbó, olè nílùú, ìfẹ́ ní yunifásítì, ààfin ọba, ìtàn ìlú. Wọn ò jọra, nítorí náà mo wá òṣùwọ̀n kan náà fún gbogbo wọn.

Owó ni àkọ́kọ́. Náírà ni wọ́n fi ń díye lé ìwé tó ti Ìbàdàn àti Èkó wá. Ọlọ́jà á gbé e gba Ìdí-Ìrókò bọ́ sí Ìgolo, á sì sọ ọ́ di sẹ́fà, owó tiwa, bí náírà bá ṣe rí lọ́jọ́ náà. Bí náírà ṣe wálẹ̀ ní 2023 àti 2024, àwa tó ń ná sẹ́fà la jẹ èrè rẹ̀. Ti Faransé kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1999 ni wọ́n ti so sẹ́fà mọ́ yúrò, yúrò kan sí 655,957, kò gòkè, kò sọ̀. Iye tí wọ́n bá tẹ̀ sẹ́yìn ìwé ní Páríìsì ló ń bá a dé ọ̀dọ̀ wa, owó ẹrù á sì tún gùn ún lẹ́yìn. Ìwé Yorùbá mẹ́ta tí mo rà, àpapọ̀ owó wọn kò ju 6.000 sẹ́fà lọ. Ti Couao-Zotti nìkan, 9.000 ni mo san.

Èkejì: ṣé ìwé náà pé? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń fi bébà jẹun, wọ́n ta ayédèrú fún mi. Òǹtàwé kan lẹ́bàá títì ló ta Àjà Ló Lẹrù fún mi ní 800 sẹ́fà, mo sì rò pé mo jẹ ẹ́ ní gbàǹjo. Nígbà tí mo délé, ojú ìwé 96 parí, 113 ló tẹ̀lé e. Kò tán síbẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi dà á kọ ti rẹ̀, kò gbé àwọn àmì kékeré tó wà lábẹ́ lẹ́tà mọ́. Ọkọ di oko, ẹsẹ̀ di esè, ṣe di se, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ wá di ẹni tó ń se iṣẹ́ lórí iná. Mo tún un rà, èyí tó pé, ní ìlọ́po méjì owó àkọ́kọ́.

Nítorí náà, kí o tó sanwó fún ìwé Yorùbá èyíkéyìí, ṣí i láàárín gbùngbùn, má wo iwájú. Iwájú ni wọ́n ti máa ń ṣọ́ra. Wá lẹ́tà ọ àti ṣ, kí o wò ó bóyá àmì abẹ́ wọn dúdú, tó sì dá dúró. Bí ó bá dà bí ìdọ̀tí eṣinṣin, gbé e kalẹ̀. Wo etí ojú ewé: bí ìlà eérú bá gba ẹ̀gbẹ́ kan lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú gíláàsì ẹ̀rọ tó dọ̀tí ló fà á, ẹ̀dà ẹ̀dà ni. Lẹ́yìn náà, ka nọ́ńbà ojú ìwé bí ogún. Ìṣẹ́jú kan ni.

Ẹ̀kẹta ni ojú tìrẹ fúnra rẹ. Ẹni tó kọ́ Yorùbá ní kíláàsì àgbà níbí, álífábẹ́ẹ̀tì ti Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ: ɛ, ɔ, sh, kp. Ìwé Nàìjíríà ń kọ ẹ, ọ, ṣ, p. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ ishu àti ɔkpɛ́ á kọ́kọ́ dúró wo iṣu àti ọpẹ́ bí ẹni rí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ nínú aṣọ àlejò. Kò le, ọ̀sẹ̀ kan pére ni ojú fi ń mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó dára kí ìwé tí èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ èyí tí kò ní fi nǹkan mìíràn dí i lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹrin kò sí nínú ètò mi tẹ́lẹ̀. Ìyá ìyá mi wà ní Kétu, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí. Mo máa ń gba Ṣakẹ́tẹ́ àti Pobè lọ kí i, ìwé a sì máa wà nínú báàgì mi. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Kí ni ìwọ̀nyí ń sọ tó o fi ń dá rẹ́rìn-ín?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí kà á sókè fún un. Láti ọjọ́ náà, ṣé ìwé ṣeé kà sókè fún ẹlòmíràn ti di òṣùwọ̀n tó wúwo jù lọ́wọ́ mi. Nínú ilé wa ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́ níbí, ẹni kan ló sábà máa ń mọ Yorùbá kà dáadáa, ẹni márùn-ún sì wà tó lè gbọ́ ọ. Ìwé tí ẹni mẹ́fà jọ jẹ, owó rẹ̀ ti dín kù.

Ó yá.

Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ jáde, ọdún yẹn náà ni Doguicimi jáde ní Páríìsì. Olùkọ́ ni àwọn méjèèjì tó kọ wọ́n. Fágúnwà jẹ́ ọmọ Òkè-Igbó, Hazoumé jẹ́ ọmọ Àjàṣẹ́, 1890 ni wọ́n bí i. Èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso rẹ̀ kọ ìwé rẹ̀ ní Yorùbá. Èyí tí Faransé ń ṣàkóso rẹ̀ kọ tirẹ̀ ní Faransé. Àwọn tó ti dàgbà nínú wa mọ ìdí rẹ̀, torí wọ́n rántí sìnyálì, igi tàbí egungun tí olùkọ́ máa ń fi kọ́ ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ lọ́rùn nílé ìwé. Ọrùn mi náà rù ú, lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìtàn Fágúnwà kò ṣòro láti sọ. Àkàrà-ògùn, ọdẹ, wá bá òǹkọ̀wé, ó ní kó mú kálàmù kó kọ ohun tí ojú òun rí sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dá wọ Igbó Irúnmalẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà ọba rán òun àti àwọn ògbójú mìíràn sí Òkè Láńgbòdó. Ohun tó wà láàárín ni iwin, ẹbọra, ìjà, ẹ̀rín, àti ẹnu tí kì í dákẹ́. Mo ti kà á ní ìwọ̀n ojú ìwé mẹ́wàá fún Ìyá àgbà, mo rò pé mò ń gbìyànjú, ó bá gbọ́wọ́ sókè. Ó ní, "O ń kà á bí ẹni tó ń kàwé. Sọ ọ́." Mo dákẹ́. N kò tilẹ̀ mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n padà sí ibi tí Àgbákò, ẹbọra búburú inú igbó náà, ti kọ́kọ́ yọ, kí n má tẹjú mọ́ bébà bẹ́ẹ̀, kí n fi ẹnu mú un. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn tó gùn tó ti ń fún mi léèémí látẹ̀yìnwá wá já sí mẹ́rin mẹ́rin fúnra rẹ̀, bí ẹni ń gún iyán. Ìyá àgbà ń dá mi lóhùn, "Hẹ̀n!" "Ó kú!" Àwọn ọmọ tó ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé fi abọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe pé ìwé náà le, ọ̀nà tí lísè gbà kọ́ mi ní ìwé kíkà ni kò bá a mu.

Èyí kò ní kí n má sọ àbùkù rẹ̀. Fágúnwà fẹ́ràn ìwàásù. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje ọlọ́gbọ́n ní Òkè Láńgbòdó, ẹ̀kọ́ lórí ẹ̀kọ́ ni, ọjọ́ méje gbáko, Ìyá àgbà sì sùn lọ. (Ó ní òun ò sùn.) Ohun tí Kàkó, ọ̀kan nínú àwọn ògbójú náà, ṣe fún ìyàwó rẹ̀ nígbà tí obìnrin náà dì mọ́ ọn pé kó má lọ, tó fi àdá pa á tó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, kò sí bí mo ṣe kà á tí kò fi kan mí lára, mo fo ojú ìwé yẹn nígbà tí àwọn ọmọ wà níbẹ̀. Ohun mìíràn tí olùrà ní láti mọ̀: ẹ̀dà àtijọ́ ṣì wà lórí àtẹ, èyí tí wọ́n tẹ̀ kí àtúnṣe àkọtọ́ 1974 tó dé. "Aiye," "enia," "nwọn" ni wàá rí níbẹ̀, àmì ohùn rẹ̀ sì kéré. Bí o kì í bá ṣe ẹni tó ti ń ka Yorùbá tipẹ́, bèèrè èyí tí wọ́n tún tẹ̀ ní àkọtọ́ òde òní. 2.000 sẹ́fà ni mo ra tèmi. Bí Yorùbá bá sì nira fún ọ jù, tí o gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ ní 1968. Ṣùgbọ́n ìyẹn dà bí gbígbọ́ ìlù láti òdìkejì odò.

Doguicimi wá. Ààfin Dàhómì, ìjọba Abọ̀mẹ̀ àtijọ́, ni, nígbà ọba Gézò, ẹni tó jọba láti 1818 sí 1858. Toffa, ọkọ Doguicimi, bọ́ sọ́wọ́ àwọn Màhì ní Hounjroto, obìnrin náà sì kọ gbogbo ẹni tó fẹ́ gba ipò ọkọ rẹ̀, títí kan àrẹ̀mọ ọba. Ìwé ńlá ni, ó lé ní ojú ìwé 400. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì ni mo ti yá a, ó fún mi lóṣù méjì, mo lò ó tán pérépéré.

Kí n sọ òótọ́: ọgọ́rùn-ún ojú ìwé àkọ́kọ́ fẹ́ẹ̀ lé mi lọ. Hazoumé kò fi ohun kan sílẹ̀. Bí ọba ṣe jókòó, ẹni tó dúró lápá ọ̀tún, ohun tí wọ́n fi pa ẹbọ, orin tí wọ́n kọ, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó ti ṣe iṣẹ́ ìwádìí lórí àṣà Dàhómì, 1937 ló gbé ìwé rẹ̀ lórí ìmùlẹ̀ jáde, ìwádìí yẹn sì wọnú ìtàn títí ó fi fẹ́ẹ̀ rì í. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ààfin ṣe ń ṣiṣẹ́, oúnjẹ rẹ̀ nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ ìtàn tó ń sáré, yóò sùn. Nígbà tí ọkàn mi wá bá ti obìnrin náà lọ, ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta ìwé, n kò lè gbé e sílẹ̀ mọ́. Ìgboyà rẹ̀ níwájú ọba, àwọn ọ̀rọ̀ tó sọ lójú gbogbo ìgbìmọ̀, n kò tíì rí obìnrin tó sọ̀rọ̀ báyẹn nínú ìwé Yorùbá mẹ́ta tí mo kà pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí n kò gbà ni ibi tó ti ń fojú rere wo dídé àwọn Faransé. Ọdún 1938 ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Doguicimi kọ́.

Ṣé ó ṣeé kà sókè? Mo gbìyànjú rẹ̀ ní Kétu, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń lọ. Ìyá àgbà dá mi dúró ní kíákíá: "Dàhómì? Àwọn tó kó wa?" Ní 1886 ni ọmọ ogun Dàhómì ja Kétu gbà, tí wọ́n kó àwọn ará ìlú lẹ́rú lọ sí Abọ̀mẹ̀, ìyá tó bí ìyá rẹ̀ sì wà lára àwọn ọmọdé tó padà wá lẹ́yìn náà. Mo fẹ́ pa ìwé dé. Ó dákẹ́ títí, ó ní, "Obìnrin yẹn ńkọ́? Ṣé ọkọ rẹ̀ padà wá?" Ìgbà mẹ́ta la fi jókòó sí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ni títúmọ̀ ojú ẹsẹ̀, òógùn bò mí, mo sì fo ìdajì àwọn ayẹyẹ.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sọ́dọ̀ àwọn olè.

Wọ́n sábà máa ń ka Àjà Ló Lẹrù, tó jáde ní 1969, sí àkọ́kọ́ ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní èdè Yorùbá. Lápàdé ni akọni rẹ̀, ọlọ́pàá tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ kò fi í sílẹ̀. Ó gbọ́n, ó lágídí, ó sì máa ń bá àwọn ọlọ́pàá gidi fa ọ̀rọ̀. Ìtàn náà ń sáré. Ohun tó ń dá èèyàn dúró ni èdè Òkédìjí: òwe lórí òwe, àkànlò lórí àkànlò, ìjà ẹnu tí ẹni kan á sọ̀rọ̀ tí èkejì á fi méjì lé e. Fún mi, oyin ni. Fún ọmọ àbúrò mi tó ń kàwé fún bàkà, ìdánwò àṣejáde lísè, ogun ni, ó kà á dé ojú ìwé mẹ́rìnlá, ó ní, "Fòfó, àwọn èèyàn yìí kì í sọ̀rọ̀ tààrà ni?" Òótọ́ ló sọ, wọn kì í sọ ọ́. Ẹni tí wọ́n tọ́ nílé tí àgbà wà, tó ti gbọ́ òwe kó tó gbọ́ Faransé, ni kó kọ́kọ́ gbé e. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀dà tó pé o. Ojú ìwé mẹ́rìndínlógún tó sọnù nínú tèmi àkọ́kọ́, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń yí.

Couao-Zotti, ìlú Pobè ni wọ́n ti bí i ní 1964, ọ̀nà Kétu gan-an. Ìwé rẹ̀ yìí gba ẹ̀bùn Ahmadou-Kourouma ní 2010. Bí o bá túmọ̀ àkọlé rẹ̀, òwe ni: bí àgbàlá àgùntàn bá dọ̀tí, ẹnu ẹlẹ́dẹ̀ kọ́ ló yẹ ká ti gbọ́ ọ. Kútọnu lóru ni, kokéènì, obìnrin arẹwà, ọkùnrin olójúkòkòrò, òkú. Mo kà á lálẹ́ méjì. Faransé rẹ̀ kì í ṣe ti ilé ìwé, Faransé ti ibùdó zémijàn, ọ̀kadà tiwa, ni, tí èdè wa ń yọ orí jáde níbi gbogbo, mo sì rẹ́rìn-ín sókè ní ṣọ́ọ̀bù débi pé oníbàárà kan rò pé òun ni mò ń fi rẹ́rìn-ín. Ó já fáfá ju ti Òkédìjí lọ, ó sì fúyẹ́ jù ú lọ. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí mo kà á, ariwo rẹ̀ ni mo rántí, n kò rántí èèyàn inú rẹ̀ púpọ̀. Lápàdé ní tirẹ̀ ṣì ń bá mi jiyàn. Kíkà á sókè fún Ìyá àgbà? Ẹ ṣàánú mi. Ìdajì ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ẹni tó bá sọ ọ́ níwájú àgbà ní Kétu yóò dọ̀bálẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kí àwọn ọmọdé náà má fojú kàn án. Fún 9.000 sẹ́fà, èmi á ní kí o yá a. Àwọn tó ní in pọ̀, wọ́n sì máa ń yára kà á tán.

Ó Le Kú, 1974. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ìbàdàn, ń wá ìyàwó: Àṣàkẹ́, Lọlá, Ṣadé. N kò ní sọ bó ṣe parí. Kò sí ìwé tó rọrùn tó o nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló pọ̀ níbẹ̀, gbólóhùn rẹ̀ kúrú, bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ ló rí. Àjàní bí mi nínú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkùnrin tó dúró sí oríta mẹ́ta tó ń retí kí oríta fúnra rẹ̀ yan ọ̀nà fún un! Ṣùgbọ́n ìyàwó mi, tí kì í ka Yorùbá, tó ní àmì ohùn ń fọ́ òun lójú, gbà á lọ́wọ́ mi nígbà tí iná lọ lálẹ́ ọjọ́ kan, ó tan fóònù sí i, n kò sì rí i gbà padà fún ọjọ́ mẹ́rin. Orúkọ rẹ̀ lòun kọ́kọ́ dá mọ̀, ó ní ṣé torí aṣọ olékú ni, ìró kúkúrú àti bùbá alápá fífẹ̀ tí ìyá òun tọ́jú sínú àpótí. Òun náà ni. Fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe látinú ìwé yìí ní 1997 ló tún sọ aṣọ náà di ohun tí gbogbo èèyàn ń rán. 1.500 sẹ́fà. Ó ṣeé kà sókè, ṣùgbọ́n ó dára jù kí ẹni méjì pín in kà, ọ̀kan á ṣe Àjàní, ìkejì á ṣe gbogbo àwọn obìnrin tó ń bá a wí.

The Story of Ketu kò ní gba àkókò wa púpọ̀. 1956 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Ìbàdàn, ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọ̀gbẹ́ni Parrinder tó kọ ọ́ jẹ́ òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó ṣiṣẹ́ ní Dàhómì. Ó ka àwọn Alákétu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ bí wọ́n ṣe ti Ilé-Ifẹ̀ wá, ó sọ̀rọ̀ Akaba Idena, ẹnu ibodè tó wà nílẹ̀ títí dòní, ó sì sọ bí ìlú ṣe fọ́ àti bó ṣe tún padà dìde nígbà tí Faransé ti ṣẹ́gun Abọ̀mẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ orúkọ àti ọdún, ó wúlò, ó sì rọrùn láti wá nǹkan nínú rẹ̀. Kò dùn, kò sì ṣe bí ẹni tó fẹ́ dùn. Nígbà tí mo sọ ohun tó kọ nípa ìdásílẹ̀ ìlú fún Ìyá àgbà, ó gbọ́ tán, ó ní, "Ta ló sọ ọ́ fún un?" Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó tó fún àwọn tó tẹ ìlú dó níná, ó sì gùn ju ti òyìnbó lọ. Ká ní mo ní owó ìwé yìí lọ́wọ́, màá fi ra bátìrì sí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Kò rọrùn láti rí lórí àtẹ bákan náà. Bí o bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wá ẹni tó máa yá ọ.

Ó kù ká pín wọn.

Bí o kò bá tíì ka ìwé Yorùbá kan tán rí láyé rẹ, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ó Le Kú. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Fágúnwà tàbí Òkédìjí dójú tì ọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Tó o bá wà ní lísè, tí wọ́n sì ń fẹ́ kí o ka ìwé ọmọ ilẹ̀ wa, yá Doguicimi nígbà ìsinmi gígùn. Má mú un nígbà ìdánwò, yóò jẹ àkókò rẹ. Bí àgbà bá wà nílé rẹ tí kò mọ̀wé, tàbí àwọn ọmọdé tí o fẹ́ kí wọ́n gbọ́ èdè tó jinlẹ̀, ra Ògbójú Ọdẹ, ra tuntun, kí o sì fo ibi tí o bá fẹ́ fò. Ẹni tó gbọ́ òwe lẹ́nu ìyá rẹ̀ ni kó ra Òkédìjí, ẹni tó ń wọ ọkọ̀ Kútọnu láàárọ̀ lálẹ́ ni kó yá Couao-Zotti, yóò bá ọkọ̀ náà dé. Ọmọ Kétu tó ń kọ ìwé àṣekágbá ní yunifásítì ni Parrinder wà fún.

Bí owó rẹ bá tó ẹyọ kan ṣoṣo, tí o kò mọ irú ẹni tí o jẹ́ nínú àwọn wọ̀nyí, ra ti Fágúnwà. Èmi ti rà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ wà ní Kétu lábẹ́ ìrọ̀rí, Ìyá àgbà kò fẹ́ dá a padà. Ọmọ ilé ìwé èyíkéyìí tó bá wọlé wá kí i, ó ń nà án sí i ni, ojú ìwé tí a dé ti ká lórí.